Àjọ Tó Kọ́kọ́ Bèèrè: Ìtàn SEARCH Nínú Igbó Gadchiroli

Nígbà tí dókítà méjì, ọkọ àti aya, bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará Gond inú igbó Gadchiroli pé kí ló dé tí wọn kì í fi í wá sí ilé ìwòsàn ìjọba, ìdáhùn tí wọ́n gbọ́ kò sí nínú ìwé ìṣègùn kankan. Wọ́n ní ilé náà tóbi jù, ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á ṣìnà. Wọ́n ní èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kò yé àwọn. Wọ́n ní wọn kì í jẹ́ kí ará ilé aláìsàn sùn tì í, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, ẹnìkan kì í dá àìsàn ṣe. Èyí tó ya àwọn dókítà náà lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ aṣọ. Dókítà wọ funfun, nọ́ọ̀sì wọ funfun, funfun ni wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ funfun ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń di òkú. Ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá lọ síbi tí gbogbo ènìyàn ti wọ aṣọ òkú?

Inú ìbéèrè yẹn àti àwọn mìíràn bí irú rẹ̀ ni àjọ tí wọ́n ń pè ní SEARCH ti dàgbà. Mo ti ka ìtàn àjọ aláàánú púpọ̀ tó lọ tọ́jú àwọn ará oko, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jọra: àjòjì dé, ó kọ́lé, ó pín oògùn, ó ya fọ́tò, ó padà sílé. Ti Gadchiroli yìí yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí.

Gadchiroli wà ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Maharashtra ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Mumbai, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, wà ní ìpẹ̀kun kejì lẹ́bàá òkun, ọ̀nà tó jìn gbọọrọ. Ọdún 1982 ni wọ́n gé Gadchiroli kúrò lára Chandrapur tí ó di àgbègbè ìṣàkóso tirẹ̀. Igbó ló bo ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀: igi tíìkì, ọparun, àti igi tendu tí àwọn ènìyàn ń já ewé rẹ̀ tà fún àwọn tó ń fi í wé sìgá bidi. Àwọn Gond àti Madia ló ń gbé inú igbó náà. Wọ́n wà lára àwọn ẹ̀yà tí Íńdíà ń pè ní Adivasi, àwọn tí wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ náà láti ìgbà láéláé. Ìkànìyàn ọdún 2011 fi hàn pé irú àwọn ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 104 káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Tí òjò bá dé ní Gadchiroli, odò á kún, ọ̀nà á dí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ni àwọn Naxalite, àwọn ajàgbara tó ń bá ìjọba jà, ti fi igbó yẹn ṣe ibùba, tí àwọn ará abúlé sì há sáàárín ìbọn méjì.

Abhay Bang ni orúkọ ọkọ, Rani Bang ni ìyàwó. Ọdún 1950 ni wọ́n bí Abhay ní Wardha, ìlú tí ibùdó Gandhi ní Sevagram wà nítòsí rẹ̀, inú ìgbé ayé àwọn ọmọlẹ́yìn Gandhi ló sì dàgbà sí. Thakurdas Bang bàbá rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ó sì wà lára àwọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì jù sẹ́wọ̀n nígbà ìjà òmìnira. Ìtàn kan wà tí ìdílé náà kò jẹ́ gbàgbé. Bàbá yìí ti rí àyè láti lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, ó wá lọ gba àdúrà lọ́wọ́ Gandhi. Gandhi ní tó bá jẹ́ ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ló ń wá, kí ó kọrí sí àwọn abúlé Íńdíà. Bàbá náà gbà, kò sì lọ sí Amẹ́ríkà mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ kò lè retí pé yóò lọ ṣí ilé ìwòsàn olówó ńlá sí Mumbai.

Rani náà kì í ṣe ẹni kékeré. Ọmọ Chandrapur ni, inú ilé dókítà ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ tó yàn láàyò sì ni ìtọ́jú aláboyún àti àìsàn obìnrin. Àwọn méjèèjì yege gidigidi nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Nagpur. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní àwọn abúlé Wardha. Níbẹ̀ ni Abhay ti rí bí ìwádìí ṣe lè di oúnjẹ nínú abọ́ tálákà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti fi owó ọ̀yà alágbàṣe oko sí rúpíì 4 lójúmọ́. Abhay gbé ìṣirò tí wọ́n fi dé ibẹ̀ yẹ̀ wò, ó rí i pé wọn kò ka oúnjẹ tí alágbàṣe nílò pé, wọ́n sì gbàgbé àwọn tó ń bọ́ nílé. Ó kọ ọ́ síta, àwọn òṣìṣẹ́ gbé e jà, owó náà sì di rúpíì 12. Abẹ́rẹ́ àti oògùn tí ì bá fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn fún ogún ọdún kò lè ṣe wọ́n ní irú oore bẹ́ẹ̀.

Wọ́n lọ sí yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba oyè nínú ìmọ̀ ìlera ará ìlú ní 1984. Nígbà tí wọ́n padà, wọn kò dúró ní ìlú ńlá kankan. Ní 1986, wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Gadchiroli, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ SEARCH níbẹ̀. Ẹ̀kọ́, ìṣe àti ìwádìí fún ìlera àwùjọ ni wọ́n kó pọ̀ sínú orúkọ àjọ náà.

Ìwádìí àkọ́kọ́ tí Abhay ṣe níbẹ̀ dá lé àìsàn sickle cell, èyí tí àwa Yorùbá mọ̀ dunjú, tí àwọn àgbà wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ó rí i pé ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn Gond, bí ó ṣe wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Inú onímọ̀ á dùn sí irú àwárí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé èsì náà tọ àwọn ará abúlé lọ, kò wú wọn lórí. Kò sí oògùn tí yóò mú un kúrò, àìsàn náà kọ́ sì ni wọ́n ní kí ó bá àwọn wá ojútùú sí. Àtìgbà náà ni Abhay ti ń sọ ọ́ ní gbangba pé èèyàn lè ṣe ìwádìí lórí àwọn ènìyàn láìṣe é pẹ̀lú wọn. Àjọ náà yí ọwọ́ padà: wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè, kí wọ́n tó wádìí.

Rani ni àwọn obìnrin dá lóhùn jù. Wọ́n ń bá a sọ ohun tí wọn kò lè sọ fún ọkọ wọn, ká má tilẹ̀ sọ ti dókítà ọkùnrin. Nígbà náà, gbogbo ohun tí àwọn elétò ìlera àgbáyé mọ̀ nípa obìnrin oko kò ju oyún, ìbímọ àti fètò-sọ́mọ-bíbí. Rani lọ sí abúlé méjì, ó ṣàyẹ̀wò obìnrin 650, àtàwọn tó ní ohun tó ń ṣe wọ́n àtàwọn tó ní kò sí. Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 1989: nínú 100 obìnrin, 92 ló ní àìsàn abẹ́ kan ó kéré tán, mẹ́jọ péré nínú 100 ni dókítà sì ti yẹ̀ wò rí nítorí irú rẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ń roko, wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń ṣẹ́gi, wọ́n ń tọ́mọ, wọ́n sì ń fi ìrora náà pa mọ́ra bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá obìnrin. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àjọ káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wo obìnrin bí odindi ènìyàn tí ara rẹ̀ lè máa dùn ún, yálà ó lóyún tàbí kò lóyún.

Òtútù àyà ló kàn. Òun ló ń pa àwọn ọmọdé jù ní Gadchiroli, oògùn rẹ̀ kò sì wọ́n. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ta ni yóò mọ̀ pé òtútù àyà ni, nínú abúlé tí kò ní dókítà, kí ilẹ̀ tó mọ́? Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ni kíka mímí ọmọ. Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì bá mí tó ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí tí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ mí tó ìgbà 50, ẹ̀rù ń bẹ. Àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ló súnmọ́ ọmọ jù, ọ̀pọ̀ wọn kò sì kàwé. Kíka oókan dé mẹ́wàá kò nira fún wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n ka 60 láìṣì, kí wọ́n tún máa wo agogo, ìyẹn ni kò ṣeé ṣe.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i ló wú mi lórí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ sórí pákó kékeré ní ìlà méjì, wọ́n sì so agogo oníyanrìn mọ́ ọn, irú èyí tí yanrìn inú rẹ̀ ń ṣàn tán láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìlà kan wà fún ìkókó, ìlà kejì fún ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀. Agbẹ̀bí á dojú agogo dé, á máa wo àyà ọmọ. Mímí mẹ́wàá, á ti ìlẹ̀kẹ̀ kan. Mẹ́wàá mìíràn, á ti òmíràn. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá tán kí yanrìn tó tán, òtútù àyà ni, kí oògùn bẹ̀rẹ̀ kíá. Agbẹ̀bí tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì kankan wá ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti rò pé dókítà nìkan ló lè ṣe é. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1990, ikú tí òtútù àyà ń pa ọmọdé ti fi ju ìlàjì lọ dín ní abúlé tí wọ́n ti ṣe é, tí a bá fi wé abúlé tí wọn kò ti ṣe é.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni ìjà ọtí bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ló gbé e dìde. Ọtí ń jẹ owó ọkọ wọn, lílù sì ń tẹ̀lé e. Àjọ náà bá wọn ka iye tí ọtí ń kó lọ ní Gadchiroli lọ́dọọdún, wọ́n sì rí i pé ó ju owó tí ìjọba ń ná sórí ìdàgbàsókè àgbègbè náà. Àwọn abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin tiwọn, àríyànjiyàn náà sì le títí ìjọba fi fòfin de ọtí ní gbogbo Gadchiroli ní 1993. Mo mọ̀ pé òfin kì í pa ọtí run. Ṣùgbọ́n àjọ ìlera tó gbọ́ pé ọtí ni àwọn obìnrin ń sunkún lé lórí, tó wá dákẹ́ nítorí pé kì í ṣe àìsàn, èmi kò ní pè é ní àjọ ìlera.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ aṣọ òkú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn tiwọn, wọ́n bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará Gond irú èyí tí wọ́n fẹ́. Ìdáhùn náà ló di àwòrán ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Shodhgram, nínú igbó, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 17 lọ sí ìlú Gadchiroli. Àlejò tó bá débẹ̀ kò ní rí ilé alájà. Ahéré ló wà níbẹ̀, wọ́n tò ó bí abúlé Gond, àwọn ará ilé aláìsàn sì lè wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún bèèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí ilé ìwòsàn náà máa jẹ́. Àwọn ènìyàn ní kí ó jẹ́ ti Danteshwari, òrìṣà obìnrin tí wọ́n ń bọ. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ìwòsàn náà ń jẹ́ títí di òní, wọ́n sì kọ́ tẹ́ńpìlì rẹ̀ síbẹ̀. Lọ́dọọdún, àwọn abúlé máa ń pàdé níbi ọdún Danteshwari, wọ́n á jọ́sìn, wọ́n á sì jókòó sọ àìsàn tó ń dà wọ́n láàmú jù. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí ni àjọ náà ń mú ṣe iṣẹ́. Ibà wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ. Ẹ wo bí ó ṣe yí padà: ní ibòmíràn, olú-ilé iṣẹ́ ló ń sọ àìsàn tí wọn yóò bá jà, àwọn ará oko á kàn gba èyí tí wọ́n bá gbé dé.

Ikú ìkókó kan ló wà nídìí iṣẹ́ tó sọ SEARCH di olókìkí jù. Ní ìrọ̀lẹ́ kan lásìkò òjò, obìnrin méjì sáré wọ ilé Abhay Bang, ìyá ọmọ kan àti ìyá àgbà ọmọ náà, wọ́n gbé ìkókó náà dání tó ti gbẹ. Ó tẹ́ ọmọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kí ó tó rí ohunkóhun ṣe, ọmọ náà kò mí mọ́. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipa ọ̀rọ̀ padà: òṣì, ibà, ìyá tí kò jẹun kánú nígbà oyún, wàrà tí wọ́n bu omi là, ìwòsàn adáhunṣe tó gba àkókò, odò tó kún tí kò sì ní afárá. Ó ka okùnfà 18 tó fa ikú ọmọ kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ pé ìbànújẹ́ ni ẹlòmíràn ì bá fi parí ìṣirò yẹn. Abhay wò ó títí, ó ní kò dìgbà tí a bá tú gbogbo rẹ̀. Tí a bá já ẹ̀wọ̀n àwọn okùnfà náà ní ojú kan, ọmọ lè yè.

Nígbà tí òtútù àyà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ikú tó ṣẹ́ kù ń ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù àkọ́kọ́. Èrò àwọn amòye nígbà náà ni pé ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀rọ nìkan ló lè gba ìkókó là. Ní Gadchiroli, ilé ni wọ́n ń bímọ sí, òbí kò sì fẹ́ gbé ìkókó jáde. Láàárín 1995 sí 1996, wọ́n tẹ̀lé ìkókó 763 ní abúlé 39. Ju ìlàjì lọ nínú wọn ló nílò ìtọ́jú. Àwọn tó rí ìtọ́jú gbà kò ju 2.6 nínú 100 lọ.

Wọ́n wá yan obìnrin kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan, obìnrin tó kàwé díẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ dáadáa, wọ́n sì kọ́ ọ. Arogyadoot ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń wà níbẹ̀ tí aboyún bá ń rọbí, ó sì ń padà lọ wo ìyá àti ọmọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí ọjọ́ 28 fi pé. Àpò tó gbé sórí èjìká ni ilé ìwòsàn rẹ̀: òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń gbé ìkókó kọ́, ohun ìwọn ibà, ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọmọ tí kò bá mí, àpò ìfọmọsí fún ọmọ tó bá kéré jù kí òtútù má pa á, abẹ́rẹ́ àti oògùn apakòkòrò fún ọmọ tí kòkòrò bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn dókítà ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ yóò fi abẹ́rẹ́ pa ọmọ. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ọ, àwọn alábòójútó sì ń wò ó.

Ní oṣù Kejìlá 1999, The Lancet tẹ èsì náà jáde. Ní abúlé 39 tí àwọn arogyadoot ti ṣiṣẹ́, tí a bá fi wọ́n wé abúlé 47 tí wọn kò sí, ikú ìkókó dín ní 62 nínú 100 ní ọdún kẹta. Fún àkókò tó gùn jù, ìyípadà náà tún ṣe kedere: ní 1988, nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí ní àwọn abúlé náà, 121 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Nígbà tó di 2003, ó ti bọ́ sí nǹkan bíi 30.

Ìbéèrè kan wà tí mi ò fẹ́ fò. Àwọn ọmọ abúlé 47 yẹn ńkọ́? Ṣé ó tọ́ kí a máa ka òkú wọn nígbà tí àwọn tó wà nítòsí ń rí ìgbàlà? Àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìṣègùn ní Íńdíà bi SEARCH bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ìtọ́jú tí ìjọba ń fún gbogbo ènìyàn kò kúrò ní abúlé wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì tíì mọ̀ ní 1995 pé ọ̀nà tuntun yóò ṣiṣẹ́. Mo gbà pé láìsí àfiwé, ìjọba kankan kò ní gbà wọ́n gbọ́, ọ̀nà náà ì bá sì parí sínú igbó yẹn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò fúyẹ́ lọ́kàn mi, kò sì yẹ kí ó fúyẹ́ lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà náà kò parí sínú igbó. Ní 2009, àjọ WHO àti UNICEF jọ dábàá pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa lọ bẹ ìkókó wò nílé. Ní 2011, ìjọba Íńdíà sọ ìtọ́jú ìkókó nínú ilé di ètò gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n gbé e fún àwọn ASHA, àwọn obìnrin oníṣẹ́ ìlera tó wà ní abúlé káàkiri.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú orúkọ àjọ náà ń lọ lábẹ́ gbogbo èyí, nítorí agbẹ̀bí tó ń ti ìlẹ̀kẹ̀ àti arogyadoot tó ń wọn ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Ní àfikún, àjọ náà dá ètò Tarunyabhan sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ara wọn, ìbálòpọ̀ àti ojúṣe, ọ̀rọ̀ tí òbí kì í fẹ́ dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn àti lọ́dọ̀ tiwa. Ní 2006, wọ́n bẹ̀rẹ̀ NIRMAN fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí ni àwọn fẹ́ fi ayé àwọn ṣe. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ dókítà tuntun, àwọn kan sì lọ ṣiṣẹ́ ní àwọn ibi tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ. Anand àti Amrut, àwọn ọmọ Bang méjèèjì, náà ń ṣiṣẹ́ nínú àjọ náà báyìí.

Ìjọba fún tọkọtaya náà ní oyè Padma Shri ní 2018. Ọdún yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ tí Abhay Bang darí lórí ìlera àwọn Adivasi jábọ̀ fún ìjọba, lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwé náà kó gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyẹn káàkiri Íńdíà wò lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi hàn bí ìlera wọn ṣe wà lẹ́yìn ti àwọn ará ìlú yòókù. Lára ohun tí wọ́n ní kí ìjọba ṣe ni kí ó má ṣe máa wo àwọn Adivasi bí ẹni tí ó kàn ń gba oògùn, kí ó jẹ́ kí àwọn fúnra wọn wà lára àwọn tó ń sọ bí ètò ìlera wọn yóò ṣe rí.